Òfin Táyà Lẹ́yìn Odò Ẹran

Ní Ṣàgámù, ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń sun pọ̀nmọ́ kò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Kó ṣáà gbójú sókè ni. Èéfín dúdú tó ń rú túú lẹ́yìn odò ẹran ni yóò júwe ibẹ̀ fún un. Bó bá sì fẹ́ mọ ẹni tí èéfín tirẹ̀ dúdú jù lọ láàárín wọn, Wúlẹ̀mọ̀tù Bẹ̀llò ni.

Wúlẹ̀mọ̀tù kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ sun pọ̀nmọ́ títí ó fi kú. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ, pọ̀nmọ́ ló wá rà lọ́jọ́ kan tó fi gbàgbé ọ̀nà ilé. Awọ màálù tí Wúlẹ̀mọ̀tù bá gbé lé iná táyà, tó yí i síwá, tó yí i sẹ́yìn, tó fi ọ̀bẹ ha, tó rẹ sómi, nígbà tó bá fi máa jáde, á ti le, á ti dúdú, á sì ti nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń pariwo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú Wúlẹ̀mọ̀tù, yóò dá ọ lóhùn kíá pé, "Ìjẹ̀bú ń jẹ ẹ́ ni. Rẹ́mọ ló ń sun ún."

Ikọ́ tó wá ń wú láràárọ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó ní ọyẹ́ ni. Bó bá di ìgbà òjò, ó ní òjò ni.

Ọjọ́ tí wàhálà wọlé, orí àpótí ló jókòó sí, tó ń ha awọ lọ. Ọmọbìnrin kan yọ sí i, ó wọ bàtà róbà tó gùn dé orúnkún, ó fi aṣọ bo imú, ó sì mú ìgò kan dání. Ayọ̀mípọ̀sí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wolé-wolé tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Òkìkí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọ ìlú. Wọ́n ní bàbá rẹ̀, àgbà ìjọ Áńgílíkà tí gbogbo ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí, dáná sun ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà bu ìtanràn lé e, ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màámi," ni ó wí, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Òo, ọmọ mi. Èló ni kí n gé fún ọ?"

"N ò wá ra pọ̀nmọ́, mà. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo bá wá."

"Táyà? Ṣé tìrẹ jò ni? Fọkanáísà wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí."

Ayọ̀mípọ̀sí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò náà sókè. Omi inú rẹ̀ rí bí àgbo, nǹkan kan sì ń dán lórí rẹ̀ bí epo. Ó ní kànga tó wà lẹ́yìn ògiri lọ́hùn-ún ni òun ti fà á. Ó ní èéfín táyà, májèlé ni. Àwọn tó ń sun ún ń fà á símú, àwọn tó ń gbé àdúgbò ń mu ún, àwọn tó wà nílé wọn jẹ́ẹ́jẹ́ sì ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi táyà sun awọ mọ́. Gáàsì ni.

Wúlẹ̀mọ̀tù fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Táyà tí ò ń bú yìí, òun ló rán ọmọ mi mẹ́ta níléèwé. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì títí di òní. Kò sọ fún mi rí pé èéfín ń pa ènìyàn."

"Ó sọ fún yín, ìyá," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ lé e jáde ni."

Fàtíà nìyẹn, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Awọ kan ṣoṣo lòun ń sun lóòjọ́, ẹ̀gbẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù ló sì ń lò nítorí kò ní ààyè tirẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù wò ó bí ẹni wo iyọ̀ tó já sínú tíì.

Ayọ̀mípọ̀sí lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri odò ẹran kó tó lọ. Wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tó ṣe kedere: *Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ilé iná gáàsì tirẹ̀, tó ní òrùlé, ihò èéfín gíga àti gọ́tà onísímẹ́ńtì.* Ìgbà tí wọ́n kà á tán, àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó ṣe, omijé náà kò dá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán.

Lọ́jọ́ Ajé, tírélà ìjọba dé, wọ́n ń kó táyà. Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó sínú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, ó ní bí wọ́n bá máa gbé e, kí wọ́n gbé òun mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Nígbà tó wá rò pé òun ti borí, tó fẹ́ dìde, ìdí rẹ̀ kò jáde mọ́. Àwọn mẹ́rin ló fà á, méjì lọ́wọ́, méjì lẹ́sẹ̀, Ayọ̀mípọ̀sí fúnra rẹ̀ sì ni ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ má ṣe ìyá léṣe."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, òfuurufú mọ́ ní àdúgbò débi pé àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí òkè tí ó wà lọ́nà jíjìn, wọ́n ní ta ló gbé e síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí owó gáàsì. Àlàájì Abdullateef, tó ní ihò iná márùn-ún lẹ́yìn odò ẹran, ẹni tí táyà rẹ̀ pọ̀ tó fi ń ta fún àwọn yòókù. Kò tó oṣù kan, Àlàájì ti kọ́ ilé iná, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó to sílíńdà gáàsì ńlá mẹ́ta síwájú, ó sì bò wọ́n ní aṣọ funfun bí ìgbà tí wọ́n bo ìyàwó. Ó ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa gbé awọ wọn bọ̀. Òun yóò bá wọn sun ún, òun yóò sì gé ìdajì. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá máa ha awọ fún òun, òun yóò máa fún un ní owó ọ̀sẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ. Fàtíà náà lọ, ọmọ lẹ́yìn. Obìnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ fún ogún ọdún wá ń béèrè lọ́wọ́ Àlàájì bóyá òun lè lọ jẹun. Wúlẹ̀mọ̀tù nìkan ló kù. Ó ní kàkà kí òun ha awọ fún Abdullateef tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ, òun yóò máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun.

Ó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Ó dúdú jù. Kò sẹ́ni tó rà á.

Níbẹ̀ ni èṣù ti wọ inú rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá kan ní Ìrolú, Àtinúkẹ́, tó ń dá oko gbágùúdá. Oko náà jìnnà sí títì. Ta ni yóò rí èéfín láàárín gbágùúdá? Wúlẹ̀mọ̀tù ra awọ méjì, ó ká wọn bí ẹní, ó wá táyà kan tí ìjọba kò rí kó, ó sì pe ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà gbé táyà kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù gbé awọ sí àárín, wọ́n sì kọrí sí Ìrolú. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ló ń kí wọn kú ìrìn, tí wọ́n sì ń yíjú padà wo ohun tí wọ́n kí.

"Àtinúkẹ́," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí nígbà tí wọ́n dé oko, "ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ ni kó kú sí."

"Ṣé èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀?" ni Àtinúkẹ́ wí, inú bí i díẹ̀. Ó gba ìlú lọ. Gbogbo ilé tó kọjá ló ti ń yà, tó ń sọ fún wọn pé, "Bí ẹ bá rí èéfín lóko mi, ẹ má dà á láàmú o. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sun pọ̀nmọ́."

Iná mú. Èéfín gbéra nílẹ̀, ó dúdú, ó nípọn, ó ga bí òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ara Wúlẹ̀mọ̀tù yá. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti gbóòórùn ara rẹ̀. Ó ń yí awọ, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ayọ̀mípọ̀sí wà ní Ìrolú lọ́jọ́ náà. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kó ti wá kọ́ àwọn ọmọ nípa ìmọ́tótó. Ó dúró níwájú kíláàsì, ó ń sọ pé, "Bí ẹ bá rí èéfín funfun, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èéfín dúdú, tó nípọn, tó ń ga sókè..."

"Irú ìyẹn, Àǹtí?" ni àwọn ọmọ wí, wọ́n nawọ́ sí ojú fèrèsé.

Gbogbo kíláàsì ló tẹ̀lé e lọ sóko. Kíláàsì kejì rí wọn, àwọn náà jáde. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, ọ̀gá iléèwé, tẹ̀lé wọn láti dá wọn padà, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ mọ ohun tó ń jóná. Wúlẹ̀mọ̀tù gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ bí ìgbà tí àgbò ọgọ́rùn-ún bá já. Ó ki ara bọ àárín gbágùúdá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹnu mú. Ì bá ti bọ́, ṣùgbọ́n ikọ́ kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ó wú u lẹ́ẹ̀kan, gbágùúdá mì. Ó wú u lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ní, "Ẹ wò ó níbẹ̀!"

Ó jáde, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Màámi," ni Ayọ̀mípọ̀sí wí, "kí lẹ ń sun?"

"Oko ni. Mò ń bá àbúrò mi sun oko."

"Oko wo ló ń ta sánsán bí ẹsẹ̀ màálù báyìí?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan dá ohun tó rí mọ̀, ó kígbe pé, "Pọ̀nmọ́ ni, Àǹtí! Màmá mi máa ń fi se ilá!" Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan bá wọn wí pé kí wọ́n padà sí kíláàsì, ó ní ìwà ọ̀daràn kì í ṣe ohun ìwòran. Nígbà tí ẹ̀yìn wọn kọ síbi tí ó wà, ó sún mọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jinná, ṣé ẹ máa tà á?"

Ayọ̀mípọ̀sí pa iná, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé àjókù táyà náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọkọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ọ̀kadà gbé ọ̀daràn, ọ̀kadà mìíràn gbé wolé-wolé pẹ̀lú ẹ̀rí, títí wọ́n fi dé Ìlárá Rẹ́mọ, níbi tí wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Táyà jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ta ló ni táyà yìí?" ni kọ̀ńdọ́ wí. "Ìjókòó ẹnì kan ló gbà."

"Ìjọba ló ni ín," ni Ayọ̀mípọ̀sí dáhùn.

"Kí ìjọba mú owó ọkọ̀ wá."

Ayọ̀mípọ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí òfin wí nípa ẹ̀rí. Kọ̀ńdọ́ ní òfin tòun ni pé ohun tó bá jókòó á sanwó. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn èrò ń kùn. Wúlẹ̀mọ̀tù tú ìdí ìró, ó san tirẹ̀, ó san ti táyà. "Èmi ni mo gbé e wá sáyé," ni ó wí.

Ọkọ̀ gbéra. Wúlẹ̀mọ̀tù wúkọ́, ó wúkọ́, Ayọ̀mípọ̀sí sì ń wò ó.

"Ọjọ́ wo ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, màámi?"

"Ọyẹ́ ni."

"Oṣù kẹfà la wà."

Wúlẹ̀mọ̀tù wo ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ó ní láti ìgbà tí òun kò ti sun nǹkan kan, òun ń sùn di àárọ̀, ikọ́ kò sì jí òun. Ti òní ni àkọ́kọ́ láti ìgbà náà. "Mi ò sọ pé èéfín ni o," ni ó yára fi kún un. "Mo kàn ń sọ ọ́ bí ìròyìn ni."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Àwọn tó kọ òfin yẹn, ṣé wọ́n ti dé odò ẹran rí?"

"N ò rò bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ilé iná tirẹ̀. Lẹ́yìn odò ẹran wa, ta ni olúkúlùkù? Abdullateef nìkan ni. Àwa tó kù, a ò tíì tó olúkúlùkù. Gbogbo wa la ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ní báyìí, ẹnì kan ń jẹ, àwọn yòókù ń fọ àwo."

Ayọ̀mípọ̀sí tún ìjókòó ṣe. "Màámi, n ò lè dẹ òfin náà. Ẹ rí omi kànga yẹn. Táyà ò ní í padà wá."

"Ta ló ní kí o dẹ̀ ẹ́? Jẹ́ kó le. Kó le bí orí ahun. Kó ṣáà fẹ̀ ni. Òfin tó le tí kò fẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ráyè jókòó lórí rẹ̀. Kí ló dé tí àwa mẹ́rìnlá ò lè ní ilé iná kan, ká máa lò ó ní títò?"

Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàgámù, Ayọ̀mípọ̀sí ní òun yóò bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Ó tún bu ìtanràn lé Wúlẹ̀mọ̀tù, nítorí ẹni tí kò fojú fo bàbá rẹ̀ dá kò lè fojú fo ẹlòmíràn. Ó ṣáà gbé táyà náà sọ́rùn, ó sì ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí èsì tó dé. Ayọ̀mípọ̀sí wá bá Wúlẹ̀mọ̀tù nílé, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun gbọ́ ọ, inú wọn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí wọ́n ti kọ òfin náà ló wà, pé láti yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ padà, yóò gba ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yóò gba ìjókòó, ìjókòó yóò sì di ọdún tó ń bọ̀. Olúkúlùkù ni wọ́n kọ, olúkúlùkù ni yóò jẹ́.

Wúlẹ̀mọ̀tù yọ eyín òjé rẹ̀, ó tún un kì bọ ẹnu.

"Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣé ó lè jẹ́ orúkọ tó bá wù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹlòmíràn ò bá ti ń jẹ́ ẹ."

"Tiwa á máa jẹ́ Olúkúlùkù."

Ayọ̀mípọ̀sí bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí eyín rẹ̀ ní Ṣàgámù nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín débi pé bàtà róbà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bí Ẹgbẹ́ Olúkúlùkù ṣe dìde nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá dá àjọ. Àwọn alápatà yá wọn ní ilẹ̀. Ọkọ Fàtíà, tó jẹ́ bíríkìlà, mọ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá rò pé wolé-wolé yóò ṣojú àánú, irọ́ ni. Gọ́tà àkọ́kọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n tú u. Ihò èéfín kúrú, wọ́n fi kún un. Ó fi okùn wọn òrùlé, ó ní ó ku ìka mẹ́ta. Wúlẹ̀mọ̀tù ní bóyá kó fi ìka tirẹ̀ kún un.

Ẹni tí kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà ni Àlàájì Abdullateef. Níbi ìpàdé tí wọ́n pè sí odò ẹran, ó dìde, ó nu ojú pẹ̀lú áńkáṣíìfù. Ó ní òfin ni òfin. Ó ní bí wọ́n bá gba mẹ́rìnlá láyè lábẹ́ òrùlé kan, kí ni wọ́n máa fi àyíká ṣe? Kí ni wọ́n máa fi èémí àwọn ọmọ wa ṣe? Ẹni tó ti sun táyà tó lè wakọ̀ láti Ṣàgámù dé Kánò wá ń sunkún nítorí ewéko. Àwọn alápatà gan-an ní láti wo ẹsẹ̀ ara wọn kí ẹ̀rín má baà pa wọ́n.

Wolé-wolé fọwọ́ sí i, iná gáàsì Olúkúlùkù sì mú. Ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ àkọ́kọ́ tó jáde, Wúlẹ̀mọ̀tù wò ó, inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ó gbé e lọ fún Láídé, oníbàárà rẹ̀ tó ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀ ní Ṣàgámù Interchange. Àwọn awakọ̀ fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Láídé, pọ̀nmọ́ yìí ti fi ọṣẹ ìbóra wẹ̀," ni ọ̀kan wí.

"Ó ṣì ń ronú bóyá kó jóná ni," ni èkejì wí.

Wúlẹ̀mọ̀tù wà níbẹ̀, ó fẹ́ dìde bá wọn jà. Láídé fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Obìnrin náà ti ta oúnjẹ fún awakọ̀ pẹ́, ó mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ ò bá fẹ́. Pọ̀nmọ́ dókítà ni. Kò sí táyà nínú rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru ni mo rà á sílẹ̀ fún."

Awakọ̀ kan, baba onírùngbọ̀n, wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní, "Gé méjì sí tèmi. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru o."

Kò tó ọjọ́ mélòó kan, gbogbo Interchange ló ń béèrè pọ̀nmọ́ dókítà. Inú ń bí Wúlẹ̀mọ̀tù pé dókítà kankan kò bá òun ha awọ rí, ṣùgbọ́n ó ń kó owó náà sápò. Fàtíà tó ń sun awọ kan lóòjọ́ ń sun mẹ́ta. Àwọn obìnrin tó ń ha awọ fún Àlàájì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n padà wá sábẹ́ òrùlé ara wọn.

Àlàájì wá ronú. Ó ní bí ayé bá ń ra pọ́n-pọ́n, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń ṣàárò dúdú. Ó gbé pátákó jáde: *Pọ̀nmọ́ Gidi, Dúdú Bíi Ti Àtijọ́, Iná Gáàsì La Fi Sun Ún.* Ayọ̀mípọ̀sí kọjá, ó kà á, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Gáàsì kì í sun awọ dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó kí Àlàájì, ó ṣí aṣọ funfun lórí sílíńdà, ó sì fi ìka kàn án. Ó dún gbáún, bí aago ìjọ bàbá rẹ̀. Ó kan èkejì, gbáún. Ìkẹta kò tilẹ̀ wúwo tó láti dúró. Ó ṣubú, ó yí lọ bá ẹsẹ̀ Àlàájì. Lẹ́yìn ògiri aláwọ̀ ewé, táyà méjì ń jó rẹ́rẹ́.

Wọ́n ti ilé iná Àlàájì pa títí yóò fi tún un ṣe. Awọ tó ti rà kò sì lè dúró dè é. Oòrùn Rẹ́mọ kò mọ ẹni tó jẹ́ Àlàájì. Ó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí Olúkúlùkù. Wúlẹ̀mọ̀tù ní àwọn gbà, àyè wà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni awọ ni kó wá tò fúnra rẹ̀.

Ó wá. Ó wọ agbádá funfun, ó jókòó lórí bàsíà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn Fàtíà ni ó bọ́ sí. Nígbà tí ó kan Fàtíà, ọmọ rẹ̀ ń ké, kò sì bójú mu kó pọn ọ́n sún mọ́ iná. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ọwọ́ ló dí àfi ti ẹnì kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e," ni ó wí, ó sì gbé ọmọ lé Àlàájì lẹ́sẹ̀ kó tó rí èsì.

Àlàájì gbé ọmọ náà bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ wo ojú rẹ̀, ó dákẹ́. Àlàájì náà rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ta á sókè díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀ mí, ẹ wò ó, ó mọ̀ mí." Ibi tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti tọ̀, ó tọ̀ láti àyà agbádá dé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì kánjú.

Fàtíà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn yòókù yíjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì. Àlàájì dìde, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀, ó fẹ́ fún agbádá náà síwájú ìta.

"Rárá o, Àlàájì," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí, ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé. "Gọ́tà wà lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fún un. Wolé-wolé ò fẹ́ kí omi dọ̀tí kankan kán sílẹ̀ níbí."

Ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fún un.